Ìwé Mẹ́wàá Harold Garside

Tíì tí Winifred Garside bù fún àlejò rẹ̀ kò tíì tutù tí àlejò náà fi sọ fún un pé gbájúẹ̀ ni ọkọ rẹ̀.

"Ẹ má bínú sí mi, màmá," ni Lionel Prothero wí. Ó gbé ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì fi áńkáṣíìfù nu ìka rẹ̀ bí ẹni tó fọwọ́ kan ìdọ̀tí. "Ayédèrú ni. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ọkọ yín sì mọ̀."

Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni Winifred. Òtútù ọdún tó kọjá ni Harold kú. Iṣẹ́ rélùwéè ni Harold ṣe ní Hebden Bridge títí ó fi fẹ̀yìn tì, nínú ilé onígíláàsì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, tó ti ń fa àmì tí ọkọ̀ fi ń mọ̀ bóyá kí òun dúró tàbí kí òun kọjá. Kò mutí, kò ta tẹ́tẹ́. Ìwé ni tirẹ̀. Ìtàn mẹ́wàá tí Augusta Thirlby kọ láyé ọbabìnrin àtijọ́ ló ń wá kiri, kì í sì í ṣe èyí tó wà lọ́jà fún tẹrútọmọ. Àwọn aláwọ̀ ewé ló ń wá, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní àádọ́jọ péré kí obìnrin náà tó kú, tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ àti nọ́ńbà sínú ìwé kìíní ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà tí Harold rí rà ni mọ́kànlélógójì. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ń ṣa wọ́n jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìlú dé ìlú, títí wọ́n fi pé mẹ́wàá. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kóòtù òtútù kan náà ni ìyàwó rẹ̀ ń wọ̀, tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti já tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, tó tún já. "Tó bá ti pé mẹ́wàá, Winnie," ni Harold máa ń wí, "kóòtù ló kàn." Ìwé pé, Harold sì kú.

Òrùlé ló ń jò tí Winifred fi kọ lẹ́tà sí olùtàwé ní York pé kó wá wo ohun tí ìwé náà lè mú wá. Ẹni tó wá nìyí o, ọkùnrin oníbàtà dídán, tó ń fi ohùn wúyẹ́wúyẹ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà níbi ìsìnkú.

"Harold kò lè ṣe irú ẹ̀," ni Winifred wí.

"Lẹ́tà wo ló wà nínú agolo bísíkíìtì yẹn?"

"Ti àwọn tó rà á lọ́wọ́ wọn ni."

Prothero yẹ̀ wọ́n wò, ó mi orí. "Ó ń ra ayédèrú, ó sì ń tà á fún ẹlòmíràn. Bàbá arúgbó kan wà ní Durham tó fi gbogbo ohun tó ní ra ayédèrú Thirlby. Ó pokùnso. Bí ọlọ́pàá bá rí lẹ́tà wọ̀nyí, màmá, orúkọ ọkọ yín ló máa wà nínú ìwé ìròyìn. Aago tí rélùwéè fi ta á lọ́rẹ yẹn, wọ́n lè wá gbà á."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Iná ń jó níwájú yín."

Kò sí bàbá arúgbó kankan ní Durham. Ṣùgbọ́n Winifred kúnlẹ̀ síwájú iná, ó ń ju lẹ́tà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀daràn náà sì jókòó, ó ń jẹ kéèkì atalẹ̀ rẹ̀. Ó jẹ ègé méjì. Nígbà tí lẹ́tà kan kọ̀ tí kò jó, òun ló na irin ìkoná sí ìyá náà. Lẹ́yìn náà ló kó ìwé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ní òun máa bá a pa wọ́n run, òun kò sì ní gba kọ́bọ̀. Winifred dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sìn ín dé ẹnu géètì.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló yí àwòrán Harold kọjú sí ògiri. Oṣù márùn-ún kò lọ sí ibojì rẹ̀.

Ilé ìṣerun ló wà, lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun, nígbà tó rí àwòrán ìwé mẹ́wàá nínú ìwé ìròyìn, wọ́n tò ó sórí ìlà kan. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ojúlówó Thirlby ni, pé ilé gbàǹjo kan ní Harrogate máa tà á ní ọjọ́bọ̀, àti pé wọ́n ń retí ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún pọ́n-ùn. Ìwé kẹrin ti ṣá ju àwọn tó kù lọ. Winifred mọ ìdí rẹ̀. Ìwé kẹrin lo odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan lójú fèrèsé ibi iṣẹ́ Harold kí Harold tó rí i pé oòrùn ń jẹ ẹ́, ó sì fi ọ̀sẹ̀ kan bínú sí ara rẹ̀. Ìyá náà dìde pẹ̀lú rólà lórí, ó di ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá.

Obìnrin ni Sájẹ́ǹtì Oddie tó gba ẹjọ́ rẹ̀, ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í tètè rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó pa bírò rẹ̀ dé.

"Màmá, ẹ̀yin lẹni kẹta tí mo mọ̀. Opó ni gbogbo yín. Gbogbo yín náà lẹ fọwọ́ ara yín dáná sun ẹ̀rí."

Wọ́n jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Prothero ní York lọ́jọ́ kejì. Ọkùnrin náà kò fò, kò gbọ̀n.

"Ìdìpọ̀ tó wà ní Harrogate, níbo lo ti rí i?" ni Oddie bi í.

"Cornwall. Ẹni tó ni ín ti kú."

"Nọ́ńbà rẹ̀ ńkọ́?"

"Mọ́kànlélógóje. Ọ̀kan, mẹ́rin, ọ̀kan. Ti màmá jẹ́ mọ́kànlélógójì, wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀ fúnra wọn. Àánú wọn ṣe mí, n kò lè pa tiwọn run." Ó gbé páálí kan jáde láti ẹ̀yìn. "Ẹrù ọkọ yín nìyí, màmá. Ẹ gbé e lọ sílé kí ọkàn yín balẹ̀."

Ìwé aláwọ̀ ewé mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà mọ́kànlélógójì sì wà nínú ti àkọ́kọ́. Winifred ṣí ọ̀kan. Ojú ìwé náà ń ṣí fẹrẹfẹrẹ. Ó ṣí òmíràn, bákan náà ni.

"Ta ló là á?" ló bèèrè.

"Kí ni wọ́n là?"

"Ojú ìwé. Ti Harold ṣì so pọ̀ lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí wọ́n ṣe ká a láti ilé ìtẹ̀wé. Kò là wọ́n rí. Èyí tó ń kà, ó ra olówó pọ́ọ́kú sọ́tọ̀."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, Prothero wo ìyá náà dáadáa. "Èmi ni mo là á, màmá. Ayédèrú ni. Kí ni mo fẹ́ máa gẹ̀ ẹ́ fún?"

Nígbà tí wọ́n bọ́ síta, Oddie ní, "Ó ní ìdáhùn fún gbogbo rẹ̀. Adájọ́ kò ní fi ìyẹn dá a lẹ́bi."

"Ọmọ mi, ṣé o máa ń mu sìgá?"

"Rárá, màmá."

"Harold máa ń fọwọ́ wé tirẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ra ìwé kan, ó máa ń mú pépà tábà, èyí tó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà yẹn, á fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ àti ohun tójú rẹ̀ rí lọ́nà sí i. Èmi ni mo máa ń fi irin tí mo fi ń hun súwẹ́tà tì í wọlé láti ìsàlẹ̀, sínú ojú ìwé tó so pọ̀ bí àpò. Ó ní kò sí ẹni tó máa rí i láé. Ẹni tó bá fẹ́ ta ìwé yẹn kò jẹ́ là á, tó bá là á, ìdajì iye rẹ̀ ti lọ. Wọn kì í wo inú rẹ̀. Èèpo rẹ̀ ni wọ́n ń tà."

Oddie dúró lójú títì. "Ẹ rántí ohun tó kọ?"

"Mẹ́sàn-án. Ìkẹwàá, ilé ìwòsàn ni mo wà, wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ sí ojú mi. Òun nìkan ló fi í síbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ líla yẹn kò jẹ́ kí Prothero sùn. Ní àárọ̀ ọjọ́bọ̀, kí gbàǹjo tó bẹ̀rẹ̀, ó ti dé Harrogate, ó ní òun kò tà mọ́. Nígbà tí Oddie àti Winifred wọlé, orí pẹpẹ ti ṣófo.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o ni," ni Ọ̀gbẹ́ni Ackroyd, tó ń lu gbàǹjo, wí. "Ó ní ẹnì kan ń dúró dè é ní pápákọ̀ òfuurufú."

Oddie sáré gba ẹ̀yìn. Ọkọ̀ Prothero ti ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀. Sájẹ́ǹtì náà dúró sí ìdí rẹ̀, ó gbá búùtù ọkọ̀ náà. Ọkùnrin náà rí i nínú díńgí, kò sì dúró. Ọkọ̀ náà gbá a lórúnkún, ó ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìbá ti lọ pátápátá, àfi bí ọkọ̀ akẹ́rù tó kó kọ́bọ́ọ̀dù wá tà ṣe yà wọlé lákòókò yẹn, tó dí ẹnu ọ̀nà pa. Awakọ̀ rẹ̀ yọrí síta, ó ní, "Ṣé ojú ń fọ́ ẹ ni?" Kí Prothero tó ráyè dáhùn, Oddie ti ń tiro bọ̀, ó na ọwọ́ wọ fèrèsé, ó yọ kọ́kọ́rọ́.

Inú ọ́fíìsì Ackroyd ni wọ́n kó ìwé náà àti Prothero lọ. Winifred yọ irin súwẹ́tà nínú báàgì rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ni Ackroyd wí, "irin kọ́ ni wọ́n ń kì bọ irú ìwé yìí."

"Mo ti kì í bọ̀ ọ́ kí wọ́n tó bí ẹ," ni Winifred dá a lóhùn. "Ìwé kìíní. Scarborough ni, oṣù karùn-ún ọdún 1957. Òjò pa á, ó sì jẹ ẹja tí kò jinná."

Irin wọlé láti ìsàlẹ̀, ó jáde pẹ̀lú pépà kékeré kan. Oddie tẹjú mọ́ ọn, ó ń kà á síta. "Scarborough, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù karùn-ún, 1957. Òjò. Inú ẹja tutù."

"Ìwé kejì. Carlisle. Owó kóòtù mi ló fi rà á. Mo bínú."

"Carlisle, 1960. Winnie kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Ó di ọjọ́ kẹta."

"Ẹnikẹ́ni ló lè ki pépà bọ ìwé," ni Prothero wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti yí.

"Dákẹ́," ni Oddie wí. "Màmá, ó ku mẹ́jọ."

Ìkẹta jáde, ìkẹrin jáde. Nígbà tó di ìkarùn-ún, Prothero béèrè omi. Kò sẹ́ni tó fún un. Ackroyd fi awò sójú, ó gbé ìwé kìíní sábẹ́ iná, ó sì tú u fó pé ọ̀kan tó ṣáájú nínú nọ́ńbà náà dúdú ju àwọn tó tẹ̀ lé e lọ, kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n fà á síbẹ̀. Ní ìkẹsàn-án, Oddie ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

"Ò bá kàn jí i kó o máa lọ," ni Oddie bi í. "Kí ló dé tó o fi ń mú kí wọ́n fọwọ́ ara wọn sun lẹ́tà?"

Prothero wo ilẹ̀. "Ẹni tí wọ́n jà lólè á ké sí ọlọ́pàá. Ẹni tójú bá tì kì í ké."

"Àwọn mélòó?"

"Mẹ́fà. Méjì ti kú."

"Wọ́n ṣì gbà pé gbájúẹ̀ ni ọkọ wọn nígbà tí wọ́n ń kú?" ni Winifred bèèrè.



Ìwé kẹwàá ló ṣẹ́ kù. Winifred ki irin bọ̀ ọ́, irin jáde lófo. Ó tún un kì, kò rí nǹkan kan. Ọwọ́ Harold nìkan ló tì í wọlé, ó ti jìn jù. Ackroyd ní kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé mẹ́sàn-án ti tó ẹ̀rí. Winifred ní kó fún òun ní ọ̀bẹ.

"Ẹ má là á," ni Prothero wí, ó sì fẹ́ dìde tòun ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ìdajì owó rẹ̀ ló máa lọ."

"O ṣì ń tajà?" ni Winifred wí, ó sì là á. Ó là á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ojú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé, títí pépà náà fi bọ́ sórí tábìlì. Ó mú un, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ló gbé e síwájú Prothero.

"Ìwọ lo sọ pé gbájúẹ̀ ni. Kà á síta."

"Màmá..."

"Kà á."

Ọkùnrin náà tẹ orí ba. "Winnie, ó pé. Kóòtù ló kàn."

"N kò gbọ́. Tún un kà."

Ó tún un kà. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú orun lọ. Ibẹ̀ ni Winifred ti sunkún, èyí tí kò lè sun fún oṣù márùn-ún, Oddie sì dì í mú.

Prothero jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, wọ́n sì kọ orúkọ opó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀. Oddie fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún àwọn mẹ́ta tó ṣẹ́ kù láàyè, lẹ́yìn Winifred, pé ọkọ wọn kò jalè. Ọ̀kan nínú wọn ní kó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí aládùúgbò lè gbọ́. Ackroyd lu ìwé mẹ́sàn-án ní gbàǹjo, Winifred fi tún òrùlé ṣe. Ìkẹwàá tó là wà nílé.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó wọ kóòtù tuntun lọ sí ibojì, kóòtù aláwọ̀ ewé, bọ́tìnnì rẹ̀ tóbi.

"Harold," ló wí, "mo gba olè gbọ́ jù ọ́ lọ. Má bínú sí mi."

Lẹ́yìn náà ló yí po lẹ́ẹ̀kan, kí Harold lè rí ẹ̀yìn kóòtù náà, ó sì gba ilé lọ.