Mẹ́sàn-án Kan Kì í Ṣe Mẹ́sàn-án Kejì

"Ṣé o ti dán an wò lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ ilé-ìwé yẹn?" ni ẹ̀gbọ́n kan bi àbúrò rẹ̀ obìnrin.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti parí, ẹ jọ̀ọ́."

Àwọn ọ̀rẹ́ ọmọbìnrin náà ń súfèé níta. Bọ́ọ̀lù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó sáré jáde.

Kò dán an wò. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ṣe ètò tó ń ka ẹ̀kọ́ sókè fún àwọn ọmọ ilé-ìwé afọ́jú. Irinṣẹ́ méjì ni wọ́n fi ń dì í: ọ̀kan fún fóònù, ọ̀kan fún kọ̀ǹpútà. Èèyàn á yan nọ́ńbà tó ń sọ bí irinṣẹ́ náà ṣe máa fún ètò náà pọ̀ tó, kó lè kéré. Ti fóònù, mẹ́sàn-án dára. Ó gbé mẹ́sàn-án sí ti kọ̀ǹpútà náà. Nọ́ńbà kan náà ṣáà ni.

Lọ́jọ́ kejì, níwájú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ilé-ìwé, wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sétí. Wọ́n dúró títí. Kò sí ohùn. Ọ̀la sì ni ìdánwò ìtàn.

"Àǹtí," ni ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Agbẹjọ́rò wí, "àwa ò ríran, kọ̀ǹpútà yín ò sọ̀rọ̀. Ta ló máa mú ta lọ́nà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó yẹ iṣẹ́ náà wò, ó mí kanlẹ̀.

"Ta ló ní kí o fi mẹ́sàn-án síbí? Mẹ́sàn-án ti irinṣẹ́ yìí le ju ti fóònù lọ. Bó bá fún nǹkan tó bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà tí agbára rẹ̀ kéré ò ní lè tú u!"

"Kí ló dé tí àwọn irinṣẹ́ náà ò fohùn ṣọ̀kan?"

"Ṣé ìyá kan náà ló bí àwọn tó ṣe wọ́n ni? Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí o dán an wò. Àbí n ò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n gbọ̀nà ilé lọ tún un dì. Ilé jìnnà. Ọmọbìnrin náà gbé ìwé, ó ń kà á fún wọn.

"Ẹ rọra, àǹtí," ni Agbẹjọ́rò wí. "Ẹ̀yin náà ti ń fún un pọ̀ jù."

Ó rọra. Ó kà á títí ohùn rẹ̀ fi há. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó padà dé, ọkọ̀ ti wá kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìdajì ìwé ló kà.

"Èyí tó kù ńkọ́?" ni Agbẹjọ́rò bi í lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Kò bá a ṣàwàdà mọ́.



Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ tí a kò dán wò kò tíì parí. Ẹni tó bá parọ́ pé ó ti parí, ẹlòmíràn ni ìyà rẹ̀ máa ń jẹ.