Àwòrán Kejìlá Lórí Òkè Ìdànrè

Èmi nìkan ni mo jókòó síwájú kàmẹ́rà lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn ná.

Lọ́dún 1974, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Yaba ń lọ gun òkè Ìdànrè. Ọláníyì, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń ṣe tíṣà, ní kí n mú kàmẹ́rà kékeré òun dání.

“Fíìmù kan, àwòrán mẹ́rìndínlógójì, inú àpò ló ń gbé. Tìẹ yẹn wúwo bíi búlọ́ọ̀kù, méjìlá péré ló ń yà. Ṣé o fẹ́ pa ara ẹ ni?”

Alágídí ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo nídìí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Táyé, ìkejì mi, nígbà tó kú. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é: wọ́n ya èmi nìkan, wọ́n tẹ àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan kó lè dà bí àwa méjèèjì, ìyá mi sì gbé e kọ́ ara ògiri bí ère ìbejì. Ní báyìí, àìsàn ti dá màmá dùbúlẹ̀ ní Ìpọ̀nrí, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì. Ó ní òun fẹ́ rí bí Táyé ì bá ṣe dàgbà kí òun tó lọ. Tí wọ́n bá sì fẹ fíìmù kékeré tóbi, ojú ènìyàn kì í mọ́ kedere. Kàmẹ́rà ńlá ni mo gbé kọ́rùn.

Orí àpáta wù mí débi pé mo ti ya mọ́kànlá kí n tó rántí màmá. Mo jókòó, mo ní kí Ọláníyì fi èyí tó kù yà mí. Ó tẹrí ba wo inú gíláàsì, ó pẹ́ díẹ̀.

“Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ sún mọ́ra.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ó búra pé òun ò sọ nǹkan kan.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Ọ̀jẹ̀túndé tó ń fọ fótò ní Costain, kò wo ojú mi.

“Ẹ ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, Ọ̀gá?”

“Rárá, Tíṣà. Bó ṣe wà nínú fíìmù nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbé e lọ.”

Ọkùnrin méjì ló jókòó sórí àpáta, ojú kan náà. Ọ̀kan lajú, ó ń rẹ́rìn-ín. Èkejì dijú, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ti tẹ́ sínú pósí. Ọwọ́ ẹni tó dijú ni aago tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà wà. Mo fẹ́ fà á ya, ṣùgbọ́n màmá ń retí.

Ní Ìpọ̀nrí, màmá gbé e sún mọ́ ojú, ó rọra ń fọwọ́ pa á.

“Kẹ́yìndé, èwo ni Táyé níbẹ̀?”

Mo purọ́ fún ìyá mi. “Ẹni tó dijú ni, màmá.”

Ó gbójú sókè, ó ń wo ẹ̀yìn mi.

“Kí ló wá dé,” ló wí jẹ́jẹ́, “tí Táyé fi dúró sẹ́yìn rẹ, tó ń mirí pé rárá?”