Ìṣó Etí Ògiri

Ìbíkúnlé káfíńtà kì í tún iṣẹ́ ṣe. Ohun tó bá ti kàn ní Ìsàn-Èkìtì, ó kàn án nìyẹn, kí ìjì ó máa bọ̀. Ojú wá tì í gan-an nígbà tí wọ́n tún ránṣẹ́ pè é sílé Christiana lọ́dún 2003. Ọyẹ́ ti dé, àjà pálọ̀ sì tún ti ya kúrò lára ògiri. Bó ṣe máa ń rí lọ́dọọdún nìyẹn: òjò a rọ̀, àlàfo náà a pa dé fúnra rẹ̀, ọyẹ́ a fẹ́, a tún lanu. Ìbíkúnlé a sì fi ìṣó kún ìṣó létí ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kọjá ti àjà báyìí. Olúṣẹ́gun, ọkọ Christiana, tó fi ayé rẹ̀ kọ́lé fún àwọn òyìnbó ní Kánádà, kú kó tó sun inú ilé tirẹ̀. Nígbà tí Ìbíkúnlé dé, ìyá Olúṣẹ́gun ti jókòó sí pálọ̀, àwọn ará ilé sì ti di ẹrù Christiana síta.

"Ulé ọmọ mi ló ń kọ̀ ọ́," ni ìyá náà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Olúṣẹ́gun ń bínú sí i. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀ nílùú Aáyè."

Christiana kọjú sí káfíńtà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dí i. N ò níbòmíràn."

"Fọkàn balẹ̀, ìyàwó wa. Èmi ni mo dé yìí."

Ó fi àkàbà gun òkè, ó já ilẹ̀kùn àjà, ó wọlé. Ọ̀sán gangan ni, abẹ́ páànù ni, ó yẹ kó gbóná bí ààrò. Òtútù ló bá níbẹ̀. Èémí ẹnu rẹ̀ ń yọ bí èéfín.

Ó tan tọ́ọ̀ṣì sétí ògiri. Kò sí ìṣó kankan níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti yọ gbogbo wọn, wọ́n nà wọ́n gún, wọ́n tò wọ́n sórí igi. Ẹnìkan tún ti tẹ́ pákó tuntun sórí ògiri, wọn kò tíì kàn án.

"Màmá, ta ló dé orí àjà yìí lẹ́yìn mi?" ló ké sí ìyá Olúṣẹ́gun látòkè.

"Ta ni ìbá dé bẹ̀? Ṣebí ìwọ lo kan ilẹ̀kùn rẹ̀ pa léṣìí."

Ọ̀rọ̀ náà wá yé Ìbíkúnlé, ara rẹ̀ sì bù máṣọ. Bí ọyẹ́ bá ti mú igi òrùlé gbẹ, igi á ká sókè. Ìṣó tí òun ń kàn mọ́ ọn létí ògiri ló ń fa bọ́ọ̀dù àjà ya. Kí á tú etí bọ́ọ̀dù sílẹ̀ lára igi òrùlé, kí á kàn án mọ́ pákó orí ògiri, ó parí. Ọgbọ́n ilẹ̀ òtútù tí Olúṣẹ́gun ti kọ́lé nìyẹn.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kó ìṣó náà fún ìyá. Ìyá fọwọ́ pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti kékeré ni Olúṣẹ́gun ti máa ń na ìṣó tó bá wọ́, kì í sọ ọ̀kan nù. Omi lé sójú ìyá.

"Mo ti ṣì í sọ. Ẹ kó ẹrù ìyàwó mi wọlé," ló wí.

Ìbíkúnlé padà sórí àjà, sẹ́nu iṣẹ́. Ó fi ọwọ́ kan di bọ́ọ̀dù mú, ó na èkejì sẹ́yìn láì bojú wẹ̀yìn. "Òòlù," ló ní.

Wọ́n fi òòlù lé e lọ́wọ́. Èèkù rẹ̀ tutù.

"O ṣeun," ló wí, ó sì kan ìṣó àkọ́kọ́ wọlé gbọningbọnin. Ìgbà yẹn ló gbọ́ ohùn àwọn ará ilé. Gbogbo wọn ló wà nísàlẹ̀, wọ́n ń kó ẹrù wọlé.