Eegun Àgbò Iléyá Nídìí Àgbàdo

"Ta ló fún àgbàdo yìí lóúnjẹ?"

Àǹtí Deborah, tíṣà báólójì, ti fa àgbàdo méjèèjì tu nínú garawa méjì tí Karimat gbé wá láti ilé, ó ti fọ gbòǹgbò wọn. Karimat ń wolẹ̀. Misbaudeen tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà ló fèsì.

"Kò sẹ́ni kankan, má! Ìkan la fún ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, oúnjẹ tí gbòǹgbò ń fà nínú ilẹ̀, a febi pa ìkejì."

"Tébi bá pa á, inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ lọ́hùn-ún làwọn jíìnì kan á ti jí. Wọ́n á ní kí gbòǹgbò hu irun wẹ́wẹ́ sí i, kó da ásíìdì sílẹ̀, kí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó lẹ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ lè tú. Irun dà? Èyí dán bí orí pípá!"

Misbaudeen já Karimat ní èékánná. "Má, bóyá adìẹ ló su sí i!"

"Tó bá jẹ́ adìẹ ni, ẹ ṣì lè lọ ìdíje sáyẹ́ǹsì ní Mápó lọ́la, ká ṣàlàyé fún wọn. Tó bá jẹ́ èèyàn ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, kò sí lílọ. Karimat, ṣé adìẹ ni?"

Karimat rántí bí ewé àgbàdo tébi ń pa náà ṣe ń pọ́n, tó ń ráre lẹ́yìnkùlé wọn ládùúgbò Bẹ́yẹrúnká. Ó sun eegun àgbò Iléyá, ó lọ̀ ọ́, ó bù ú sídìí ẹ̀, bí ìyá ẹ̀ ṣe máa ń ṣe fún ata nígbà ayé ẹ̀. Kò tiẹ̀ sunkún nígbà tó ń ṣe é. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá ẹ̀, ara ẹ̀ ti kú, kò mọ dídùn, kò mọ kíkan.

"Èmi ni, má. Eegun ni mo bù sí i."

"Karimat! O ti bà mí jẹ́! Mo ti lọ yúnífọ́ọ̀mù mi!" Misbaudeen gbé báàgì ẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Àǹtí sún mọ́ ọn. "Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà nínú eegun, ìdí nìyẹn tí gbòǹgbò ẹ̀ fi dán. Àgbàdo tébi ń pa máa ń na gbòǹgbò wá nǹkan kiri. Ìwọ ńkọ́? Ta lo ti bá sọ̀rọ̀ ìyá ẹ?"

Karimat gbé báàgì tiẹ̀, ó forí lé ilé. Ó rin Ọjà'ba kọjá láìgbọ́ ariwo kankan. Nígbà tó délé, ìyá àgbà ń ṣa ẹ̀wà lórí ẹní.

"Màmá, àárò ìyá mi ń sọ mí."

Ọwọ́ ìyá àgbà dúró. Wọ́n sún, wọ́n fàyè sílẹ̀ fún un lórí ẹní. "Èmi náà, ọmọ mi. Mo rò pé o ò fẹ́ ká dárúkọ ẹ̀ ni."

Karimat jókòó. Ìgbà yẹn ni omi wá lé sí i lójú.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, òótọ́ lè gba ìdíje lọ́wọ́ yín, ẹ ṣáà sọ ọ́. Tí nǹkan bá sì ń dùn yín, ẹ má dákẹ́. Ẹ sọ fún ẹni tó wà nítòsí.