Ẹni Tí Ń Kágò Lẹ́nu Ọ̀nà Bàbá Rẹ̀

Kóòtù lé Keziah jáde nínú ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́, nítorí pé ó jẹ́ obìnrin.

Ọdún 1959 ni, ní Òkukù. Olúbọ̀dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ló pè é lẹ́jọ́ sí kóòtù ìbílẹ̀ ní Ìkìrun. Ó ní òun ni dáwódù, pé obìnrin tó ti relé ọkọ kò ní yàrá kankan nílé bàbá rẹ̀ mọ́.

Keziah dìde. "Ẹ̀yin bàbá, ọkọ mi ti kú, àwọn ará ilé rẹ̀ sì ti lé mi. Èmi ni mo ń wẹ bàbá wa nígbà tí wọn kò lè dìde mọ́. Èmi ni mo tún òrùlé ṣe. Gáná ni ẹ̀gbọ́n mi wà ní gbogbo ìgbà yẹn."

Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìyá, a gbọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin ni yín."

Ó sọ ọ́ bí ẹni pé àrùn ni.

Ohun kan wà tí Keziah kò rò mọ́ ẹjọ́ náà. Láti ọjọ́ tí Olúbọ̀dé ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, kò wọ ilé bàbá rẹ̀ rí láìkágò. Àlejò ní í kágò. Ọmọ onílé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ní í ṣáájú ẹnu rẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n Olúbọ̀dé á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní "Àgò o" ní ohùn jẹ́jẹ́, kò sì ní í mira títí ẹni tó wà nínú ilé yóò fi dáhùn pé "Àgò yà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, Gáná mà ti sọ yín di àlejò o!" Keziah a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Ọkùnrin náà kì í rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan tí Keziah ti ọjà dé, ó bá a nínú oòrùn gangan, ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú rẹ̀. Kò làágùn. Òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ń jáde lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbà ọyẹ́ ni.

"Láti ìgbà wo lẹ ti wà níbí?"

"Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn," ló wí.

Nígbà tí ẹjọ́ parí, akódà kóòtù wá kó ẹrù Keziah síta: ẹní rẹ̀, àwọn ìkòkò rẹ̀, àpótí aṣọ rẹ̀. Ìyá Oyèdélé, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, gbà á sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Akódà fa kọ́kọ́rọ́ lé Olúbọ̀dé lọ́wọ́. "Bàbá, ilé ti di tiyín." Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Olúbọ̀dé ṣí ìlẹ̀kùn. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ náà dúró lófuurufú bí ẹni pé wọ́n di ọrùn ẹsẹ̀ mú. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ síbi tó ti gbé e.

"Àgò o."

Ilé dákẹ́.

Ìyá Oyèdélé bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo nǹkan! Ilé tó fi kóòtù gbà ló tún ń kágò sí. Ta ló fẹ́ kó dá a lóhùn, aláǹgbá?" Ó wá fi ìyẹ̀yẹ́ ké láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ pé, "Àgò yà o, bàbá onílé!"

Olúbọ̀dé kò mira. Inú ilé ni ìdáhùn ti gbọ́dọ̀ wá.

Ilẹ̀ ṣú bá a níbẹ̀, ilẹ̀ sì mọ́ bá a níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tó yá, ó rìn wá sẹ́bàá ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Keziah, wá wọlé. Kí o kàn dá mi lóhùn."

"Kóòtù ní n kò gbọ́dọ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin náà lẹ pè mí lẹ́jọ́."

"Mo rò pé bí ilé bá ti di tèmi nìkan, n kò ní í tọrọ àyè lọ́wọ́ alààyè mọ́."

Alààyè. Keziah kò gbọ́ rí kí ènìyàn pe ẹnìkejì rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ bi í, ṣùgbọ́n Olúbọ̀dé ti padà sẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni Àmọ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì. Ará Inísà ni, ọ̀rẹ́ Keziah, tó máa ń kó aṣọ lọ tà ní Tàmálè, ní Gáná. Ó dì mọ́ Keziah.

"Pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi. O kú ará-fẹ́ra-kù. Ọlọ́run á tẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ sí afẹ́fẹ́ rere."

"Ẹ̀gbọ́n mi wo?"

"Olúbọ̀dé ńkọ́? Ojú mi ni wọ́n ṣe sin ín ní Tàmálè, nígbà òjò. Títí ó fi dákẹ́, ilé bàbá rẹ̀ ló ń pè. Ó ní ká gbé òun relé. Ọ̀nà jìn, Keziah."

Keziah nawọ́ sí òdìkejì ọ̀nà, síbi tí ọkùnrin kan ti kẹ́yìn sí wọn.

Agbọ̀n bọ́ lọ́wọ́ Àmọ̀kẹ́. "Jésù! Ẹ̀wù tí wọ́n fi sin ín nìyẹn."

Keziah jókòó pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí títí oòrùn fi rọlẹ̀. Bó bá padà sí Ìkìrun, kí ni yóò wí fún adájọ́? Pé òkú ló pe òun lẹ́jọ́, tó sì jàre? Àánú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe é. Ta ni kò fẹ́ sùn sílé bàbá rẹ̀? Ṣùgbọ́n ilé náà ì bá gba àwọn méjèèjì. Ẹni tí ìyà jẹ kò torí bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ ẹlòmíràn sígboro.

Ó dìde, ó so ìró rẹ̀ le, ó sọdá. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin náà kọjá. Òtútù ara rẹ̀ kàn án léjìká. Keziah kò kágò. Ó wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀, níbi tí wọ́n sin bàbá wọn sí.

"Àgò o, Keziah," ni ohùn náà wí. "Ọmọ bàbá mi, àgò o."

Ó ki etí ìró bọ ẹnu, ó gé e jẹ.

Ohùn náà bẹ̀bẹ̀, ó sunkún, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni Keziah gbọ́ ohùn Àmọ̀kẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, kedere: "Keziah, àgò o! Èmi ni. Ó ti lọ. Dá mi lóhùn."

Ohùn Àmọ̀kẹ́ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òórùn ilẹ̀ tútù ń gba abẹ́ ìlẹ̀kùn wọlé.

Keziah kò dáhùn. Láti ọjọ́ náà, kò sì dá àgò ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́.