Àga Ẹ̀gbẹ́ Ibùsùn Ọmọ

Yìnyín ti bo ojú fèrèsé yàrá ọmọ láti inú ní ọ̀sán gangan, síbẹ̀ ẹ̀rọ tó yẹ kó máa fẹ́ ooru síbẹ̀, òtútù ló ń fẹ́. Gbogbo yàrá yòókù ló móoru. Níbẹ̀ nìkan ni atẹ́gùn ti ń gé ni lára bí abẹ. Ọmọbìnrin kékeré náà ká jọ sábẹ́ aṣọ ìbora, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Dókítà sì ti kìlọ̀ pé àyà rẹ̀ kò gba òtútù mọ́.

Alátùn-únṣe dé. Ó fọ asẹ́ ẹ̀rọ náà, ó tẹ́tí sí àpótí rẹ̀ tó wà níta, ó fọwọ́ ba páìpù.

"Àǹtí, kò sí nǹkan tó ṣe é o."

"Kò sí kẹ̀, ọ̀gá?" ni ìyá ọmọ wí. " Ó kúkú jọ ẹni tó rà á. Téèyàn bá ní kó fún òun ní ooru, òtútù ni yóò gbé wá."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ìyá ọmọ kò rẹ́rìn-ín. Lọ́dún tó kọjá ni ọkọ rẹ̀ jáde lọ síbi iṣẹ́ irin yíyọ́ tí kò sì padà. Àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ní ó ti bá obìnrin mìíràn lọ. Ó gbà wọ́n gbọ́, ojoojúmọ́ ló sì ń ṣẹ́ èpè lé e.

"Ta ló ṣètò kí ẹ̀rọ yìí máa yan ooru tàbí òtútù fúnra rẹ̀?" ni alátùn-únṣe bèèrè.

"Baba ọmọ náà ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ̀rọ náà ní ojú tó fi ń wo ẹni tó wà nínú yàrá. Bí ara ẹni náà bá gbóná jù, á máa fẹ́ òtútù sí i."

Ó yọ ìwọn-ooru rẹ̀, ó kọjú rẹ̀ sí ọmọ. Ó tutù. Ó kọjú rẹ̀ sí ògiri. Ó tutù. Ó kọjú rẹ̀ sí àga òfìfo ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó ń gòkè ṣáá, títí ó fi kọjá ibi tí ìwọn náà lè kà dé. Òórùn irin gbígbóná gba yàrá kan.

Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Àǹtí, ta ló máa ń jókòó síbí?"

Ọmọ náà ló fèsì. "Dádì ni. Wọ́n ní iná inú ìkòkò ńlá yẹn ò tíì kúrò lára àwọn. Wọ́n ní kí atẹ́gùn ṣáà fẹ́ sí àwọn díẹ̀."

Ó wá yé ìyá rẹ̀. Kò sóbìnrin kankan níbì kan. Inú irin yíyọ́ ni ọkọ òun bọ́ sí, wọ́n sì fi irọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Orí òkú ni gbogbo èpè òun ń já lé.

Ọmọ wúkọ́. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú.

"Mo lè fi í sórí ooru nìkan," ni alátùn-únṣe wí, "kó má wo ẹnikẹ́ni mọ́." Ó mú rìmóòtù, ṣùgbọ́n kò lè tẹ̀ ẹ́.

Obìnrin náà gba rìmóòtù lọ́wọ́ rẹ̀, ó dojú kọ àga.

"Olówó orí mi, ẹ má bínú. Ọmọ wa ò lè mí."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ooru tú jáde. Àga náà dún, bí ìgbà tí ẹni tó wúwo bá rọra dìde. Ọmọ mí kanlẹ̀.

"Dádì?" ló pè. "Dádì?"

Òórùn irin gbígbóná ti kúrò nínú yàrá. Nígbà àkọ́kọ́, iná ló gba baba ọmọ náà lọ́wọ́ wọn. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ni.