Ara Mi Le, Ẹ Ṣeun

"Bá mi mú táì aláwọ̀ búlúù yẹn wá," ni Bàbá àgbà wí. "Èyí tí mo wọ̀ níbi ìsìnkú ìyá àgbà rẹ."

"Bàbá àgbà, nọ́ọ̀sì ló ń bọ̀ wá wò yín. Kì í ṣe ọba."

"Àlejò ni àlejò. Mú un wá, Keeley."

Mo mú un wá, mo sì so ó mọ́ wọn lọ́rùn, nítorí ọwọ́ ọ̀tún wọn kò gbé nǹkan mọ́ láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti wọ ṣòkòtò fún wọn ṣáájú. Mo ti wọ ìbọ̀sẹ̀ fún wọn, mo sì ti di okùn bàtà wọn. Ó gbà mí tó ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo ṣe tán, tí wọ́n jókòó lẹ́bàá fèrèsé, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe wọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, ṣùgbọ́n n kò ronú kàn án. Ní ilé wa ní Grimsby, ìlú apẹja létí òkun, bí àlejò bá ń bọ̀, a máa ń gbálẹ̀, a máa ń wẹ̀, a sì máa ń sọ pé kò sí ìyọnu. Bí wọ́n ṣe tọ́ Bàbá àgbà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ṣe tọ́ màmá mi.

Màmá kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Ilé-iṣẹ́ ẹja ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, láti aago márùn-ún òwúrọ̀ títí di aago mẹ́wàá, wọ́n ń to ẹja sínú yìnyín. Wọ́n bẹ ọ̀gá wọn pé kí ó fún àwọn láyè lọ́jọ́ kan péré. Ọ̀gá ní bí wọn kò bá wá, kí wọ́n má wulẹ̀ padà wá mọ́. Èmi ni Màmá wá jí kí wọ́n tó jáde.

"Keeley, gbọ́ mi o. Ohunkóhun tí obìnrin yẹn bá bi ọ́, òótọ́ ni kó o sọ. Tí ìjọba bá fún Bàbá lówó ìtọ́jú àgbàlagbà, ìgbà yẹn lèmi náà tó lè gba owó olùtọ́jú. Tí mo bá rí i gbà, màá fi iṣẹ́ òwúrọ̀ yìí sílẹ̀, a ò ní máa fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan mọ́. Ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màmá."

"Bàbá ò ní sọ ọ́. Ṣebí o mọ̀ wọ́n. Ìwọ ni kó o sọ ọ́."

Nọ́ọ̀sì náà dé ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kan dání. Kí ó tó wọlé tán, Bàbá àgbà ti dìde dúró. Láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti ń fi ìdìde yẹn dánra wò. Wọ́n á fi ọwọ́ òsì di apá àga mú, wọ́n á ka ení, èjì, ẹ̀ta, wọ́n á sì gbéra.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jókòó. Keeley, po tíì fún wọn."

"Ẹ ṣeun, bàbá. Báwo lara yín?"

"Ara mi le, ẹ ṣeun. Àwọn tí tiwọn burú ju tèmi lọ pọ̀ nílùú yìí."

"Ṣé ẹ máa ń wọṣọ fúnra yín?"

"Ta ni kó tún wọ̀ ọ́ fún mi? Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo fi gbé àpótí ẹja ní èbúté. Ṣé ṣòkòtò ló máa wá dá mi dúró?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí mi. "Ọmọ mi, táì yìí mà dára o. Ta ló so ó?"

Bàbá àgbà wò mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní ojú tí wọ́n fi wò mí nìkan ló fa ìdáhùn mi, irọ́ ni mo ń pa. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, nígbà tí mo ń gba àyè lọ́wọ́ olùkọ́ wa nítorí nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ wá wò wá nípa owó ìjọba, Brogan gbọ́ ohun tí mo sọ. Ọmọ kíláàsì wa ni Brogan, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. "Ẹ wá wo àwọn ajẹ-owó-ìjọba!" ló kígbe. "Bàbá mi ń ṣiṣẹ́, ó ń san owó-orí, ẹ̀yin ń jókòó jẹ ẹ́!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ gbọ́ nǹkan ìtìjú.

"Àwọn fúnra wọn ni," ni mo dá nọ́ọ̀sì lóhùn.

Ó tẹ ìyẹn náà sínú kọ̀ǹpútà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà dé. Ìdúró ni Màmá kà á nínú ilé ìdáná, òórùn ẹja ṣì wà lára aṣọ iṣẹ́ wọn. Lẹ́tà náà ní wọn kò fọwọ́ sí owó náà. Ó ní bàbá yìí lè wọṣọ, ó lè dìde gba àlejò, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i.

"Ta ló jẹ́rìí?" ni Màmá bèèrè. "Keeley, ta ló jẹ́rìí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo orí tábìlì jọ.

"Mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀! Èmi ni mò ń gbé wọn jáde nínú ìwẹ̀. Èmi ni mò ń gé ẹran fún wọn bí ọmọ ọdún méjì. O wá jókòó síwájú nọ́ọ̀sì yẹn, o ní àwọn fúnra wọn ni?"

"Bàbá àgbà ló wojú mi, Màmá…"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́! Má fi Bàbá bojú. Mo bẹ̀ ẹ́, Keeley. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ẹ́."

Nínú yàrá kejì, Bàbá àgbà yí ohùn tẹlifíṣàn sókè.

Ọjọ́ tí mo ń ṣe ìdánwò ìṣirò ni nǹkan bàjẹ́. Mo gbé tíì sínú fúláàsì sí ẹ̀gbẹ́ àga wọn bí mo ti máa ń ṣe, mo sì wọ bọ́ọ̀sì ní aago méje ààbọ̀. Ní aago mẹ́wàá kọjá, Màmá wọlé, wọ́n bá Bàbá àgbà lórí ilẹ̀ ilé ìdáná. Kẹ́tùlù tí a fi ń se omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, omi ti dà kalẹ̀. Wákàtí méjì ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Aṣọ ìnuwọ́ tó wà lórí ìkọ́ ni wọ́n fà bora nítorí òtútù. Egungun ìbàdí wọn ti kán.

"Kí lẹ dìde ṣe?" ni mo bi wọ́n ní ilé ìwòsàn. "Tíì ṣáà wà nínú fúláàsì!"

"Ìwé ìjọba ní mo lè ṣe é," ni wọ́n wí. "Mo ní kí n gbìyànjú ẹ̀ wò."

Wọ́n fi ṣe àwàdà ni. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo jáde síta, mo fi ẹsẹ̀ gbá ògiri títí ó fi dùn mí. Inú bí mi sí nọ́ọ̀sì tó wo táì, tí kò wo ọwọ́. Inú bí mi sí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ẹja, sí Brogan àti ẹnu rẹ̀, àti sí Bàbá àgbà gan-an. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí inú bí mi sí tó ara mi.

Ìyáàfin Osgerby, tó ń bá àwọn èèyàn kọ ìwé owó ìjọba ní ilé ìkàwé, ló là wá lóye. "Ẹ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn," ló wí. "Tí bàbá bá ti padà sílé, ẹ kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá ń ṣe fún wọn sílẹ̀ fún ọjọ́ méje. Bó ṣe rí ni kẹ́ ẹ kọ ọ́. Ẹ má kọ ọjọ́ tí wọ́n wọ táì gba àlejò fún mi o."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé ilé-ìwé mi. Nígbà tí mo kà á sí Bàbá àgbà létí, ojú wọn pọ́n.

"Ya á! Ṣé kí àjèjì máa kà á pé ọmọ mi obìnrin ló ń fọ ìdí mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni!" N kò pariwo mọ́ wọn rí láyé mi. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á! Màmá ń ṣe é lójoojúmọ́, ojú ò tì wọ́n. Èmi ni ojú tì, mo purọ́, ẹ̀yin lẹ ṣubú! Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ fẹ́ ṣubú kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀?"

Wọ́n yí ojú sí fèrèsé. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé kí n ya á mọ́.

Èèyàn mẹ́ta ló jókòó sẹ́yìn tábìlì lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́. Kẹ̀kẹ́ arọ ni a fi gbé Bàbá àgbà wọlé, kò sí táì, ẹyin tí wọ́n jẹ láàárọ̀ ṣì wà láyà súwẹ́tà wọn. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo ní, "Irọ́ ni mo pa fún nọ́ọ̀sì yẹn. Èmi ni mo so táì." Mo sọ ọ́ tán.

Adájọ́, obìnrin onírun funfun kan, wá kọjú sí Bàbá àgbà. "Báwo lara yín, bàbá?"

Mo mọ ohun tó ń bọ̀. Mo di ọwọ́ Màmá mú.

"Ara mi…" ni Bàbá àgbà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wo ọwọ́ Màmá nínú tèmi, bí yìnyín ti ṣe bó o. "Ara mi ò le, mà. Ó ti pẹ́ tí kò ti le. Ọmọ mi yìí ló ń gbé mi, òun ló ń fọ̀ mí. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló mú Màmá sunkún.

Wọ́n fọwọ́ sí i. Lọ́sẹ̀ tí owó Màmá náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ni wọ́n fi ilé-iṣẹ́ ẹja sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbàdí Bàbá àgbà kò padà bọ̀ sípò. Bàbá tó máa ń dìde kí gbogbo àlejò kò lè dìde kí ẹnikẹ́ni mọ́, inú ṣì ń bí mi di òní.

Brogan tún dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ajẹ-owó-ìjọba!"

"Ọdún mẹ́tàlélógójì ni bàbá àgbà mi fi san owó-orí, wọn ò tíì bí ẹ," ni mo wí. "Owó wọn ni wọ́n ń gbà. Lọ wá nǹkan míì sọ." Ó wá a, kò rí i.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ti máa ń rò pé irọ́ ni kéèyàn sọ pé òun ní ìṣòro tí kò ní. N kò mọ̀ pé irọ́ náà ni kéèyàn fi èyí tó ní pamọ́, àti pé ẹni tó ń ṣe ìtọ́jú wa ni irọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń pa lára. Kò sí ìtìjú nínú kí àgbàlagbà nílò ọwọ́. Bí wọ́n bá wá sí ilé tìrẹ lọ́la, tí wọ́n bi ọ́ pé ta ló so táì, má wo ojú ẹnikẹ́ni. Sọ pé ìwọ ni.